Ibi Tí Omi Odò Ẹran Ń Lọ

Bí àlejò bá dé Savalou tí ó fẹ́ ra ẹran tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ lé lórí, ọ̀dọ̀ Boukari ni wọn yóò júwe fún un. Kì í ṣe pé ẹran rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ìmọ́tótó rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Bantè ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ìgbà tí ó fẹ́ Sakinatou ni ó kó wá sí Savalou, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èdè Mahi tí ó fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ti yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí èdè Isha ti ìlú Bantè tí ó ń bá ìyàwó àti Hafsath ọmọ rẹ̀ sọ nílé.

Odò ẹran tí ó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Djaloukou. Kò sí odò kankan níbẹ̀. Bí a ṣe ń pe ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran náà ni wọ́n ṣe ń pè é. Àwọn alápatà fúnra wọn ni wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kan páànù lé e, wọ́n sì fi Boukari ṣe olórí nítorí pé kì í gba ìgbàkugbà. Bí wọ́n bá pa ẹran tán láàárọ̀, kò sí ẹni tí yóò kúrò níbẹ̀ àfi bí ilẹ̀ bá mọ́ nini. Wọ́n ní kànga tiwọn. Boukari á máa da omi sílẹ̀, garawa lórí garawa, á máa fi ìgbálẹ̀ líle gbá ẹ̀jẹ̀ àti imí inú ìfun ẹran sínú gọ́tà, gọ́tà á sì gbé gbogbo rẹ̀ gba ihò ara ògiri lọ sẹ́yìn, sínú kòtò jíjìn kan tí igbó bò. Bí omi bá ti gba ihò yẹn kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn lójú Boukari. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á mu ún gbẹ. Nígbà òjò, òjò á gbá a lọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí òjò ń gbá a lọ.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, Bilkissou, ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Djaloukou kan náà, níbi tí Àkànní ọkọ rẹ̀ ti ń dáko iṣu àti kajú. Ìyá Àkànní, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Memounatou, fẹ́ràn Boukari bí ẹni pé òun ni ó bí i. Bí Boukari bá ti yọ lórí ọ̀kadà rẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ màlúù tí ó máa ń mú wá fún un, ìyá á ti máa ki ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà. Ní abúlé yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ènìyàn dára, wọ́n á ní ó dà bí ẹ̀gbọ́n Bilkissou.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, Iléyá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Àgbò tí àwọn ènìyàn fà wá kí wọ́n bá wọn pa kò lóǹkà. Láàárín ọjọ́ ọdún àti ìnáwó oríṣiríṣi tí ó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ odò ẹran kò gbẹ rárá, gọ́tà kò sì sinmi. Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá kan wá, ó rọ̀ láti ìyálẹ̀ta di ìrọ̀lẹ́. Inú àwọn alápatà dùn sí i, wọ́n ní Ọlọ́run ti bá àwọn fọ ilẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni fóònù Boukari dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń la itan màlúù. Àkànní ni. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀. Ara Bilkissou ò yá rárá. Màámi sì ti kú."

Boukari gbé àáké sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, kò sì gbọ́ ohun tí Àkànní tún ń sọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lọ́hùn-ún ni ó bá ìyá náà jókòó, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó fi dé abúlé, wọ́n ti sin ìyá. Ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà lẹ́bàá ibẹ̀ kún débi pé ẹní ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò fún àwọn tí kò rí àyè nínú ilé. Àgbà ń bì, ọmọdé ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Bilkissou dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. Boukari wo ọmọ tí òun gbé pọ̀n ní kékeré, kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni.

Nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú wọn, obìnrin kan tí ń jẹ́ Nadège, sọ fún un pé omi ni ó ṣe wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi ní abúlé ti bàjẹ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ti padà sí odò kékeré tí ó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn oko. Nǹkan kan ti wọnú odò náà láti òkè. Òun ti bu díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí èsì tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún láìsè é. Ó ní ó lè jẹ́ pé àwọn kan ń ya ìgbẹ́ sétí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹran ni ó kú sínú rẹ̀.

Ìbínú gba Boukari lọ́kàn, bóyá nítorí pé ó sàn fún un ju ẹkún lọ. Ó yí sí Àkànní àti àwọn ọkùnrin tí ó dúró tì í.

"Ẹni tí ó da ìdọ̀tí sí omi yìí, màá wá a rí. Màá fà á dé iwájú sàréè Màmá, kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣe."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, wọ́n gbéra. Boukari ni ó ṣíwájú. Àkànní tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin díẹ̀ láti abúlé sì tẹ̀ lé Àkànní. Wọ́n ń tọ etí odò lọ sí òkè, wọ́n ń wo gbogbo ibi tí nǹkan lè gbà wọlé. Wọ́n dé àgọ́ àwọn darandaran kan. Boukari ti ń gbé ohùn sókè kí ó tó kí wọn. Wọ́n fi kànga tiwọn hàn án, wọ́n sì fi hàn án pé ọgbà àwọn màlúù wọn jìnnà sí odò. Wọ́n bá obìnrin kan tí ó ń rẹ gbágùúdá sí etí omi. Boukari bú u débi pé obìnrin náà sunkún, tí ó da gbágùúdá rẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó sì ń bẹ̀ wọ́n fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Àkànní ni ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé gbágùúdá kọ́ ni ó pa ìyá òun.

Bí oòrùn ti ń ga, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n nímú. Odò náà pín sí méjì. Apá kan mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń hàn. Èkejì dà bí ọbẹ̀ tó ti kan, eṣinṣin bò ó, ọ̀rá funfun sì ń léfòó lójú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Boukari sọ pé wọ́n ti rí i nìyí. Ó fa àdá yọ, ó ń gé koríko níwájú, ó ń yára bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ tẹ olè. Wọ́n gun kòtò jíjìn kan, wọ́n ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí ó ń fa ẹsẹ̀, títí koríko fi là níwájú wọn, tí wọ́n rí ògiri sìmẹ́ńtì kan àti ihò kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Boukari kò mọ ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀yìn rẹ̀ rí.

"Ilé ta nìyí?" ni ó béèrè.

 Láti inú ilé náà, ohùn ọkùnrin kan ń kọrin, ó ń fi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé orin rẹ̀. Boukari mọ ohùn yẹn. Ganiou ni, alápatà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó gba ipò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Boukari lè wá ọ̀daràn. Orin dúró, ó da garawa omi kan, omi náà sì gba ihò yọ sí wọn, ó pupa, imí tútù wà nínú rẹ̀, ó ta sí ẹsẹ̀ Àkànní àti ti Boukari.

 Boukari ń wo ihò náà bí ẹni pé ẹnu ènìyàn ni, tí ó ń retí kí ó sọ nǹkan mìíràn. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Àwọn ọkùnrin abúlé tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ti jẹ ẹran rẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n fún un. Àkànní nìkan ni ó wò ó lójú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà tí wọ́n bá wá lọ, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Boukari gba iwájú wọlé. Ganiou kí i, ó béèrè bí àìsàn ṣe ń ṣe àbúrò rẹ̀.  Boukari lọ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà jẹ́jẹ́, ó fi í ti ògiri, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tútù tí òun fúnra rẹ̀ máa ń lé ènìyàn kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ó délé tí ó sì sọ fún Sakinatou, ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà.

"Bàbá Hafsath, omi yẹn ni wọ́n ń mu?"

Boukari ní omi yẹn ni. 

Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, ó ti odò ẹran pa. Àwọn alápatà pé jọ, ìjà sì dé. Ganiou ní kò sí ìlú tí wọ́n kì í ti í da omi ẹran sẹ́yìn, pé ṣé inú àpò ni àwọn yóò máa da á sí. Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run ni ó pa ìyá àgbà, kí Boukari má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ̀bi mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Boukari kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ń sọ pé wọn kò rí ohun tí òun rí. Ṣùgbọ́n títì tí ó ti ibẹ̀ pa kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran ní àgbàlá ilé wọn, létí kànga tí ọmọ wọn ń mu. Nígbà tí Nadège sì gba èsì àyẹ̀wò, ohun tí Boukari ti mọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀: kòkòrò àrùn tí ó ń gbé inú ìfun ẹran ni ó kún inú odò.

Nadège kò bú u. Bóyá ojú rẹ̀ ni ó ṣe é láàánú. Ó ní òun mọ obìnrin kan tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ọmọ ìyá aláṣọ kan ní Bantè, tí ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Omi ìdọ̀tí ni iṣẹ́ rẹ̀. Oòrùn ni ó fi ń wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Boukari rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Obìnrin náà, Kamilath, wá fúnra rẹ̀. Ó kó àwọn kárò wá nínú ọkọ̀, irú táìlì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n ó ti fi ìyẹ̀fun funfun kan kun ojú wọn tí ó há mọ́ wọn lára. Ó kí Boukari ní èdè Isha, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì jókòó tì í lórí àpótí kí ó tó ṣàlàyé.

"Ìbátan ìyẹ̀fun yìí wà nínú ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ilé. Bó bá wà nínú òkùnkùn, kò yàtọ̀ sí ẹfun lásán. Bí oòrùn bá ti kàn án, ó jí nìyẹn. Á mú omi àti afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ di ohun kan tó mú ju ata lọ, ohun náà ni yóò máa fa awọ kòkòrò àrùn ya títí wọ́n á fi kú."

"Ìyẹ̀fun náà ńkọ́? Ṣé kì í tán?"

"Kì í lo ara rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ni ó ń mú yá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní amúṣẹ́yá. Àfi bí omi bá fọ̀ ọ́ kúrò lára kárò díẹ̀díẹ̀, a ó sì tún un kùn."

Boukari béèrè ìdí tí wọn kò fi lè da jáfẹ́ẹ̀lì, omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, sí gọ́tà kí ọ̀rọ̀ parí. Kamilath ní ẹ̀jẹ̀ inú omi á ti jẹ jáfẹ́ẹ̀lì náà tán kí ó tó kan kòkòrò kan, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù yóò ṣàn lọ pa ẹja. Ọ̀rọ̀ náà wọ Boukari létí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Iná ni ó mọ̀ pé ó ń pa kòkòrò. Pé kí ìmọ́lẹ̀ lásán, tí ènìyàn ń jókòó sí láti yá ara, wá máa pa ohun tí ó pa ìyá Àkànní, kò rí i gbà.

Wọ́n pa màlúù kan ṣoṣo láti fi dán an wò. Wọ́n da omi rẹ̀ sórí kárò nínú oòrùn gangan, gbogbo alápatà dúró yí i ká. Lẹ́yìn náà Kamilath bu omi tí kò tíì kan kárò àti èyí tí ó ti kàn án, ó fi wọ́n sínú àwọn àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú wọn, ó sì gbé wọn sínú àpótí olóoru kí wọ́n hù. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì, Boukari fẹ́rẹ̀ẹ́ sá sẹ́yìn. Àwọn tóótòòtó funfun ti bo ojú àwo bí ìléròrò, wọ́n ń dán. Irú omi yẹn ti ń kan ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà á lẹ́rù jù ni pé àwo kejì náà rí bákan náà. Oòrùn kò pa nǹkan kan.

Ganiou rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.  Kamilath ń yí àwo náà ká lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó hàn pé ohun tí òun náà kò retí ni. Nígbà tí ó yá, ó bu omi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sókè sí oòrùn, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ kan tí ó gba inú rẹ̀ kọjá.

"Èmi ni mo ṣì í," ni ó wí. "Omi tí mo ń lò nílé ẹ̀kọ́ kò pupa tó báyìí. Oòrùn ò wọlé rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá kan ìyẹ̀fun, ńṣe ni ó ń sùn."

Iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n ṣètò kí ẹ̀jẹ̀ má dé gọ́tà mọ́ rárá. Inú àgbá ni wọ́n ń gbà á sí, kí wọ́n lè sá a gbẹ, kí ó di ajílẹ̀ fún oko. Imí ẹran lọ sínú kòtò tirẹ̀ pẹ̀lú koríko. Omi tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ́ kí ó lọ sínú àwọn kòtò sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbẹ́ tẹ̀ léra, kí ẹ̀gbin rẹ̀ rọlẹ̀, kí ó sì gba inú iyanrìn àti èédú kọjá. Ìgbà tí ó bá mọ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀ ni wọ́n tó jẹ́ kí ó ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí kárò tí wọ́n tò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́ á sì máa fà á padà sókè kí ó tún ṣàn. Boukari gbẹ́ ilẹ̀ débi pé ọwọ́ alápatà rẹ̀ tí ó ti yi tẹ́lẹ̀ tún lé ròrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù wá ràn án lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ganiou ni ó dé kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ sìmẹ́ńtì rẹ́ jù.

Ní ìgbà kejì, Kamilath fi tapolíìnì dúdú bo ìdajì àwọn kárò náà. Omi kan náà, kárò kan náà, ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan rí oòrùn, èkejì kò rí i. Nígbà tí wọ́n tún ṣí àpótí, tóótòòtó kún inú àwo tí ó ti abẹ́ tapolíìnì wá. Èyí tí ó ti inú oòrùn wá mọ́ bí ojú dígí tuntun.

 Boukari gba àwo náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wá tóótòòtó kan tì. Ó wo oòrùn lókè, ó tún wo àwo. Oòrùn yìí ti ń ràn lé e lórí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ ibi tí wọ́n fi tapolíìnì bò. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó wá lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ Kamilath, ibẹ̀ ni ẹkún tí kò sun ní ọjọ́ ikú ìyá Àkànní ti wá bá a. Kì í ṣe ayọ̀. Ohun tí ó ń rò ni pé ohun tí ó lè gba ìyá náà là wà lórí wọn ní gbogbo ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Bilkissou ti ń gbádùn nígbà náà. Ó wá sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Savalou, Boukari sì mú un lọ wo àwọn kárò. Omi ń ṣàn lórí wọn, ó ń tàn. Ó ń ṣàlàyé fún un, ó ń fi ọwọ́ hàn án, títí ó fi rí i pé ojú rẹ̀ kò sí lára kárò. Ihò ara ògiri ni ó ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ tipẹ́," ni ó wí.

Boukari rò pé ọ̀rọ̀ oòrùn ni ó ń sọ. Bilkissou mi orí. Ó ní Iléyá tí ó ṣáájú èyí, òun lọ fọ aṣọ, òun sì rí pátákò àgbò kan tí ó rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi létí odò, pẹ̀lú okùn búlúù tí àwọn alápatà Savalou fi ń so ẹran wọn. Òun mọ okùn náà. Òun rì í mọ́ inú iyanrìn kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Boukari yí sí i. 

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ ọ́ báwo? Orúkọ yín ni mo fi ń yangàn nílé ọkọ. Mo rò pé omi tó ń ṣàn kì í pa ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, mo ń pọn ọ́n, mo ń mu ún, mo sì ń gbé e fún Màámi mu."

Ó ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìgbé ojú kúrò lára ihò. Boukari rántí ìbínú tí ó fi gun odò náà, ó rántí ohùn ara rẹ̀. Bilkissou ti dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń búra pé òun yóò fa ẹni náà dé iwájú sàréè, ó sì ti mọ ẹni tí í ṣe. Boukari béèrè bóyá Àkànní mọ̀. Bilkissou ní rárá, pé òun kò lè dá a sọ.

Wọ́n jọ lọ bá a ní abúlé. Àkànní kò tíì bá Boukari sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ẹ̀yìn ògiri yẹn. Bí ó bá fẹ́ bi í ní nǹkan, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń rán. Ó jókòó gbọ́ wọn títí dé òpin. Bilkissou ni ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, pátákò àti okùn, kò fi ohun kan pamọ́. Nígbà tí ó tán, Àkànní dìde, ó mú ọkọ́, ó sì lọ sí oko iṣu rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọkọ́ rẹ̀ láti ilé, ó ń kọ ebè níbi tí kò sí ohun tí ó fẹ́ gbìn ní àsìkò yẹn. Oòrùn ti rọlẹ̀ kí ó tó padà. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Boukari ni ó kọjú sí.

"Ẹ jẹ́ kí n wá wo bí omi náà ṣe ń jáde báyìí."

Ó wá. Kò dúró wo kárò, kò wo kòtò sìmẹ́ńtì. Ó gba ẹ̀yìn lọ, ó dúró sí ibi tí omi pupa ti ta sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́sí, ó sì ń dúró de ihò. Nígbà tí omi jáde, ó mọ́, kò ní òórùn. Àkànní na ọwọ́ sí i, ó jẹ́ kí ó ṣàn lórí ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ènìyàn lè mu ún?"

Boukari ní rárá. Ó ní Kamilath ti kìlọ̀ fún àwọn pé a lè dà á sí kòtò, a sì lè fi fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi mímu kọ́ ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àkànní wí. "Ká ní ẹ sọ pé kí n mu ún ni, ǹ bá má gbà yín gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ sí i tí kì í ṣe ọ̀ràn dandan, Boukari sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì padà di bí wọ́n ti wà. Bí ó bá lọ sí abúlé, wọ́n á fún un ní omi láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti tún ṣe, Àkànní á jókòó tì í, ọ̀rọ̀ á máa wá lẹ́kọ̀ọ̀kan.

Odò ẹran ti ṣí padà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, wọ́n á gbé omi pamọ́ sínú àgbá ńlá títí oòrùn yóò fi yọ, bí àgbá bá sì kún, Boukari kì í jẹ́ kí wọ́n pa ẹran mìíràn, ará ìlú ì báà máa kùn. Nígbà òjò, wọ́n kùn púpọ̀. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ìyẹ̀fun náà kùn mọ́ kárò, Kamilath sì ń wá lóòrèkóòrè láti wo àwọn àwo pẹlẹbẹ rẹ̀; ìgbà kan wà tí tóótòòtó díẹ̀ tún hù, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ pa títí wọ́n fi rí kárò tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Àwọn alápatà láti Bantè, láti Akpassi pẹ̀lú, ń wá wò ó. Wọ́n máa ń rò pé ibi tí kárò ti ń tàn ni yóò kọ́kọ́ mú wọn lọ. Boukari á ní kí wọ́n bọ́ bàtà wọn, á sì mú wọn gba inú koríko lọ sẹ́yìn ògiri, síbi ihò.